Iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ méjì, owó ìrànwọ́ láti ìpínlẹ̀ wo? Àlàyé lórí owó àìníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà sí ọjọ́ 12 oṣù Bélú ọdún 2025, ọjọ́ 43 gbáko ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi wà ní títì, nítorí pé àwọn aṣòfin kò fẹnu kò lórí ìsúná owó. Títí di ìgbà náà, irú rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Kí ó tó dé rárá, ìjọba ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì ti fagi lé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù ni olú-ìlú, Washington DC, àti ìpínlẹ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ tì í, Maryland àti Virginia. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí, pàápàá ní Prince George's County, níbi tí ènìyàn ti lè jí ní Maryland, kí ó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní DC, kí ó sì lọ tọ́jú arúgbó ní Virginia kí ilẹ̀ ọjọ́ kan náà tó ṣú.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ wo ni yóò kọ̀wé sí fún owó ìrànwọ́ àìníṣẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ń pè ní "unemployment" lásán? Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ara wọn pọ̀, wọ́n sì ń tako ara wọn. Ẹnì kan á ní kí a kọ ọ́ sí ibi tí à ń gbé. Ẹlòmíràn á ní ibi tí a ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni. Ẹnì kẹta á ní kí a kọ ọ́ sí gbogbo wọn, kí a máa wo èyí tí yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ti ẹnì kẹta yìí lè kó ènìyàn sí wàhálà, nítorí pé gbígba owó ìpínlẹ̀ méjì fún ọ̀sẹ̀ kan náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti àwọn méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

## Ta ló ń san owó náà gan-an?

Owó yìí kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ètò ìbánigbófò ni, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san owó rẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 1932, nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin Social Security Act tó mú kí ètò náà kárí orílẹ̀-èdè. Òfin yẹn kò dá àpò kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó fi ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ní àpò tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti iye tí yóò máa san, ìjọba àpapọ̀ á sì máa bójú tó wọn. Lónìí, irú ètò bẹ́ẹ̀ 53 ló wà: ti ìpínlẹ̀ 50, ti DC, ti Puerto Rico àti ti erékùṣù Virgin Islands.

Ọgbọ́n tí ìjọba àpapọ̀ fi fa àwọn ìpínlẹ̀ wọlé kò kéré. Ó gbé owó orí ìdá 6 nínú 100 lé agbanisíṣẹ́ lórí $7,000 àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gbà lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ náà bá ní ètò tó bá òfin mu, tí agbanisíṣẹ́ sì ti san ti ìpínlẹ̀ lásìkò, wọn yóò dárí ìdá 5.4 jì í nínú 6 yẹn. Ohun tí ó kù fún ìjọba àpapọ̀ kì í sábà ju $42 lọ lórí òṣìṣẹ́ kan lọ́dún. Láti ọdún 1983 ni $7,000 náà ti dúró lójú kan, bí ọjà ti ń gbówó lórí tó. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í dá nǹkan kan sí i, àyàfi ní Alaska, New Jersey àti Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń yọ díẹ̀ lára owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ti inú ètò yìí jáde ni ìdí ọ̀rọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ yín san owó ìbánigbófò sí nítorí yín ni ẹ ní owó sí lọ́wọ́. Àdírẹ́sì tó wà lára ìwé ìwakọ̀ yín kò kàn án.

## Ṣebí Maryland ni mo ń san owó orí fún?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, wọ́n sì ní àwíjàre. Láti ìgbà tí òfin Home Rule Act ti jáde ní ọdún 1973, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kò gba DC láyè láti gba owó orí lórí owó iṣẹ́ ẹni tí kì í gbé inú rẹ̀. Àdéhùn sì wà láàárín Maryland àti Virginia pé ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni yóò san owó orí fún. Nítorí náà, bí ẹni tó ń gbé ní Hyattsville, ní Maryland, bá ń ṣiṣẹ́ ní DC, orúkọ Maryland ni yóò máa rí lára ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí fọ́ọ̀mù W-2, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣàkójọ owó iṣẹ́ ọdún, bá dé lẹ́yìn ọdún tuntun, tí ó bá wo àpótí kẹẹ̀ẹ́dógún ní ìsàlẹ̀, lẹ́tà méjì náà ló wà níbẹ̀: MD. Ta ni kò ní gbà pé Maryland ni gbogbo rẹ̀ ń lọ?

Ṣùgbọ́n àpótí yẹn kò sọ nǹkan kan nípa owó ìbánigbófò àìníṣẹ́. Owó orí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé ibùgbé, owó ìbánigbófò ń tẹ̀lé ibi iṣẹ́. DC ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti ń san án sí láti ọjọ́ tó ti gbà á síṣẹ́. Bí ó bá wá kọ̀wé sí Maryland, èsì tí yóò gbà ni ìwé kan tí wọ́n to oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí, tí òdo wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Ìwé yẹn kò túmọ̀ sí pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Ẹnu ọ̀nà ló ṣì.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ òótọ́ ni kí ẹ bi ẹni tó ń ṣètò owó iṣẹ́ yín léèrè ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń san "state unemployment tax" yín sí. Ẹ má béèrè ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń san owó orí sí, nítorí ìdáhùn mìíràn nìyẹn.

## Bí ó bá jẹ́ agbanisíṣẹ́ kan ló ń rán mi káàkiri ńkọ́?

Awakọ̀ tírélà lè la ìpínlẹ̀ mẹ́wàá kọjá lọ́sẹ̀ kan. Kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ ní owó ní ibi mẹ́wàá. Ìbéèrè mẹ́rin ni àwọn ìpínlẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, wọ́n sì máa ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀léra-tẹ̀léra, títí ọ̀kan yóò fi ní ìdáhùn. Ṣé ìpínlẹ̀ kan wà tí iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ péré tàbí ti ìgbà díẹ̀ ni ti ibòmíràn? Bí kò bá sí, níbo ni òṣìṣẹ́ náà ti ń gbéra lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń padà sí? Bí ìyẹn kò bá yanjú, láti ibo ni wọ́n ti ń darí rẹ̀? Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó béèrè ibi tí ó ń gbé. Ìpínlẹ̀ tí ìdáhùn bá bọ́ sí ni agbanisíṣẹ́ yóò san gbogbo owó náà sí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé lórí kọ̀ǹpútà ló wá mú ọ̀rọ̀ yìí le. Ní ọdún 2003, ẹjọ́ obìnrin kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York. Florida ni obìnrin náà ń gbé, ṣùgbọ́n New York ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ so mọ́ lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń fún un ní iṣẹ́. Ó ní New York ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ibi tí ara ènìyàn bá wà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà Florida ni.

## Kí wá ni Combined Wage Claim?

Ètò yìí wà fún ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 1970 ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀ láti kópa nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a lè kó owó iṣẹ́ tí ènìyàn gbà ní ìpínlẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ papọ̀ sójú kan, kí ìpínlẹ̀ kan sì ṣe ìṣirò lé gbogbo rẹ̀ lórí gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ yìí ni ìpínlẹ̀ tó ń sanwó. Àwọn yòókù á fi àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i, wọn á sì dá ìpín tiwọn padà fún un bí ó bá ti ń san án. Òṣìṣẹ́ kì í rí apá yẹn. Ìwé owó kan ṣoṣo ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Owó iṣẹ́ ìgbà wo ni wọ́n ń kó papọ̀? Wọ́n pín ọdún sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nínú ìpín márùn-ún tó parí kẹ́yìn kí ẹ tó kọ̀wé, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹni tó kọ̀wé láàárín oṣù Ọ̀wàrà àti oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2025, owó tó gbà láti oṣù Agẹmọ 2024 sí oṣù Òkúdù 2025 ni wọn yóò wò. Ohun tó gbà láàárín oṣù Agẹmọ sí oṣù Ọ̀wẹwẹ 2025 kò wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ló tuntun jù, àyàfi bí ìṣirò àkọ́kọ́ kò bá tó tí òfin ìpínlẹ̀ náà sì gba ìṣirò kejì láyè.

Àwọn ìdènà kan wà. Kò sí ẹ̀ṣà: bí ẹ bá ti ní kí wọ́n pa á pọ̀, gbogbo owó iṣẹ́ inú àsìkò náà ni yóò wọlé, láti ìpínlẹ̀ gbogbo. Owó iṣẹ́ tí ẹ bá ti fi gba owó ìrànwọ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá sì ní owó tó ṣẹ́kù láti gbà lórí ìwé tí ẹ kọ sí ìpínlẹ̀ kan láìpẹ́, tí ọdún rẹ̀ kò tíì pé, ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ padà sí.

## Ṣé mo lè yan ìpínlẹ̀ tó ń san jù?

Láàárín ààlà kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á pè é ní Ìyá Tóbi. Hyattsville, ní Maryland, ló ń gbé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní DC, ó sì gba $6,000 ní oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ní ìdajì kejì ọdún 2024. Nígbà tí ọdún 2025 wọlé, ilé ìtọ́jú náà dín wákàtí rẹ̀ kù, owó rẹ̀ sì wá sí $4,800. Ó wá iṣẹ́ kejì sí Alexandria ní Virginia, ó ń gba $4,200 níbẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Ọ̀wàrà, iṣẹ́ méjèèjì bọ́.

Maryland kò sí nínú ọ̀rọ̀, nítorí pé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. DC máa ń mú oṣù mẹ́ta tí owó ti pọ̀ jù, a sì pín in sí ọ̀nà 26. Bí ó bá lo owó DC nìkan, $6,000 ni yóò pín, yóò sì gba nǹkan bí $230 lọ́sẹ̀. Bí ó bá pa á pọ̀ mọ́ ti Virginia, oṣù mẹ́ta tó ga jù á di $9,000, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ á sì di nǹkan bí $346. Virginia ní ìṣirò tirẹ̀: oṣù mẹ́ta méjì tó ga jù ni wọ́n ń rò papọ̀, tí wọ́n sì ń pín sí ọ̀nà 50. Owó Virginia nìkan yóò fún un ní $168, ṣùgbọ́n bí ó bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, $18,000 ni wọn yóò pín, ó sì di $360.

Ẹni tó bá wo ọ̀sẹ̀ nìkan yóò ní kí ó máa lọ sí Virginia. Sùúrù díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọn yóò fi san án? Ní DC, pẹ̀lú iye owó tí Ìyá Tóbi gbà, ó lè dé ọ̀sẹ̀ 26. Ní Virginia, láti 12 sí 26 ni, ó sì ń tẹ̀lé bí owó gbogbo ọdún náà ti pọ̀ tó sí owó ọ̀sẹ̀. Dọ́là 14 tó lé lórí ọ̀sẹ̀ kan kò ní jámọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ bá dín. Òkè tí kò ṣeé kọjá sì wà: ní ọdún 2025, ẹni tó ń gba jù ní Virginia kò kọjá $378 lọ́sẹ̀, ní Maryland $430, ní DC $444.

Kí ọdún 2008 tó dé, Ìyá Tóbi ì bá lè kọ ìwé yìí sí Maryland pẹ̀lú, tàbí sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò tẹ ẹsẹ̀ sí rí lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yí ìlànà padà, tí ó sì sọ pé ìpínlẹ̀ tó máa sanwó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí òṣìṣẹ́ náà ti gba owó iṣẹ́ nínú àsìkò ìṣirò.

## Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ńkọ́?

Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, òun ló sì da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú nígbà títì náà. Owó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń lọ sí ìpínlẹ̀ tí ibùdó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà wà kẹ́yìn, bó ti wà lára fọ́ọ̀mù SF-50 rẹ̀, ìwé tí ìjọba fi ń kọ ipò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Bowie, ní Maryland, tí ibùdó rẹ̀ wà ní DC, DC ni tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó sílé láìgbowó lè gba owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ láìgbowó kò sábà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí pé wọn kò pàdánù iṣẹ́ lójú òfin. Nígbà tí ìjọba padà san owó ọjọ́ títì náà, ohun tí àwọn tó jókòó sílé ti gbà fún ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn di gbèsè tí wọ́n ní láti dá padà.

## Àwọn wo ni ètò yìí kò kàn?

Ẹni tí wọ́n ń fún ní fọ́ọ̀mù 1099, ìyẹn ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Uber, kò sábà ní owó kankan nínú àpò náà, nítorí pé kò sí agbanisíṣẹ́ tó san án fún un. Ti àsìkò kòrónà ni ọ̀pọ̀ ń rántí: ètò pàtàkì kan wà fún irú wọn nígbà náà, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹwẹ ọdún 2021. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà kò lè gbà á. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé owó yìí yóò ba ìwé ìgbélùú àwọn jẹ́, ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2022 kò kà á mọ́ ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹrù ìjọba, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló bí i.

Ìrìn-àjò wá sílé ni wọ́n kì í sábà bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó lọ. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni ẹni tó ń gba owó yìí ń jẹ́rìí pé òun wà ní sẹpẹ́ fún iṣẹ́, pé òun sì ń wá a. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn fún ìsìnkú bàbá rẹ̀ kò sí ní sẹpẹ́ fún iṣẹ́ ní Virginia. Bó ti wù kí ọ̀fọ̀ náà wúwo tó, bí ó bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù rẹ̀ láti Nàìjíríà, owó ọ̀sẹ̀ yẹn lè padà wá di gbèsè àti ẹ̀sùn jìbìtì. Kíkó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn nínú Amẹ́ríkà kò ní wàhálà yìí: ìpínlẹ̀ tó ń sanwó yóò máa san án lọ, òṣìṣẹ́ á sì máa wá iṣẹ́ ní ibi tuntun tó kó lọ.

## Kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí?

Mississippi kì í san ju $235 lọ lọ́sẹ̀. Florida dúró lórí $275, kò sì kọjá ọ̀sẹ̀ 12 bí iṣẹ́ bá wà dáadáa nínú ìpínlẹ̀ náà. Massachusetts àti ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe DC) lè san ju $1,000 lọ. New York wà lórí $504 fún ọdún mélòó kan nítorí gbèsè tí àpò rẹ̀ jẹ ìjọba àpapọ̀. Ìgbà tí ó san gbèsè náà tán ní ọdún 2025 ni iye náà fò sókè sí $869.

Àwọn tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ sọ pé kò tọ́ kí odò kan tàbí afárá kan pinnu bóyá ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí owó ilé san. Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden àti Michael Bennet ti gbé àbá wá tí yóò sọ ọ̀sẹ̀ 26 di ohun tó kéré jù ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di òfin. Àwọn tó wà lódì kejì ní owó tó bá pọ̀ jù máa ń fa ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ sẹ́yìn láti padà sẹ́nu iṣẹ́, pé àwọn agbanisíṣẹ́ ni yóò sì san àfikún náà, àti pé ìpínlẹ̀ tí ìgbésí ayé kò wọ́n nínú rẹ̀ kò yẹ kí ó san iye kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wọ́n. Àríyànjiyàn yìí ti wà láti ọdún 1935. Òun gan-an ló fà á tí àpò fi pín sí 53.

## Bí ìwé èsì bá dé, kí ni kí n wò?

Ẹ wo owó tí wọ́n kọ síwájú oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìwé owó iṣẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ti ìpínlẹ̀ kejì kò bá tíì sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, tàbí pé ẹ kò sọ fún wọn nígbà tí ẹ ń kọ̀wé pé ẹ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà ni kí ẹ fi ojú sí. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 15 ni Maryland àti DC fún ènìyàn láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Virginia sì fún un ní 30. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni ẹni tó ti pa owó ìpínlẹ̀ méjì pọ̀ lè yí ọkàn padà, kí ó fà á yọ, kí ó sì gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí, bí ó bá ṣáà ti gbà láti dá ohun tí wọ́n ti san fún un padà.